Fóònù Tó Tú Àṣírí Mi Lọ́nà Ẹ̀pẹ́

                                                            Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Alága,
                                                            Ìgbógbò, Ìkòròdú,
                                                            Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Mọ̀nsúrát, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò wọn jà láràárọ̀? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́, àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tó ń dún bí ẹni tó ní ikọ́? Ẹ kú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sì kú ìmúra ọyẹ́ tó ń bọ̀. Ní tèmi, mo wà, ara mi le, mo tilẹ̀ ti sanra díẹ̀. Bùbá tí o rán fún mi nígbà ìgbéyàwó ti ń fún mi ní abíyá. Má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù o! Oúnjẹ ni, kì í ṣe ohun tí o ń rò.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tí gbogbo ayé ń pe ara wọn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo agboolé yín ló ń gbọ́, ìyá rẹ á sì tún bá a dáhùn láti ibi ìdáná. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti agboolé. Ìwọ nìkan ló ni ín, nítorí pé èmi àti ìwọ la jọ dá ọ̀ràn náà. Màmá Ẹwàolúwa, ará ilé wa tó ń bọ̀ ní Ìwó lọ́jọ́ Ẹtì, ni mo fún kó bá mi mú un bọ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ nígbà méjì. Bí o bá rí i pé wọ́n ti ṣí i wò, o jọ̀ọ́, jẹ́ kí n mọ̀.

O rántí ọjọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ mi wá mọ̀ wá. O rántí pé Àǹtí Rùkáyàt, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, béèrè pé níbo ni mo kàwé dé. Kí n tó lanu, ìwọ alárinà lo dáhùn kíákíá pé mo ti jáde girama, pé òyìnbó ń dà lẹ́nu mi bí omi ẹ̀rọ. Èmi tí mo kúrò ní kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn! Yorùbá tí Tíṣà Ọláwuyì fi pàṣán kọ́ wa nìkan ni mo lè kà, tí mo sì lè kọ. Mi ò bá ọ jà. Ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, o rí i pé ọkùnrin náà wù mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ Ìkòròdú pẹ̀lú ẹrù ìyàwó, òun ló sì wúwo jù nínú gbogbo ẹrù náà. Oṣù márùn-ún ni mo fi rù ú. Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí, ọ̀rẹ́ mi. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí, kí ìwọ náà lè mí kanlẹ̀.

Fóònù ló kọ́kọ́ dá kún un. Ní oṣù kejì tí mo dé ibí, àbúrò ìyá ọkọ mi tó wà ní ìlú òyìnbó fi fóònù ńlá kan ránṣẹ́ sí ọkọ mi. (Màámi ni mo ń pe ìyá ọkọ mi.) Ọkọ mi ní èmi ni òun gbé e fún, pé ìyàwó tó kàwé ló yẹ irú fóònù bẹ́ẹ̀. (Mi ò lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ojú ń tì mí. Ìwọ ṣáà mọ ẹni tí mò ń wí.) Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà wá pé ó lè jẹ́ irú èyí tí wọ́n máa ń tì lọ́hùn-ún, tí kì í gba líìnì tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní gáréèjì Ìkòròdú, ẹni tó wò ó ki síìmù kan bọ̀ ọ́, ó mú; ó ki ti ilé iṣẹ́ mìíràn bọ̀ ọ́, ó tún mú. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti ṣí eléyìí pátápátá. Kò sí líìnì tí kò ní gbà." Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo sọ nínú ara mi pé fóònù ṣí, èmi tí mo ni ín ni mo tì pa.

Mọ̀nsúrát, fóònù náà dára o! Ojú mẹ́ta ló ní lẹ́yìn. Bí mo bá fi ya ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò, wàá rí epo lórí rẹ̀ ní kíkán kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú pàápàá, ó ń ríran jù mí lọ. Bí o bá fi ìka méjì fẹ àwòrán inú rẹ̀, á máa fẹ̀, á máa fẹ̀, títí wàá fi rí ohun tí o kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ya aṣọ tí mo sá. Ìgbà tí mo fẹ̀ ẹ́ ni mo rí ológbò ìyá onílé wa lórí ògiri, tó tẹjú mọ́ fèrèsé mi níbi tí mo fi ẹja sí. Mo sáré wọlé! Rédíò wà nínú fóònù náà, wàásù wà, wákà wà, fíìmù wà. Máàpù náà wà. Àmì rógódó aláwọ̀ aró kan ni ìwọ fúnra rẹ. Bí o bá rìn, òun náà á rìn. Àmì pupa ni ibi tí o ń lọ, ìlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì ni ọ̀nà. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo kàn ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ káàkiri títí ó fi yé mi. Gbogbo ohun tó jẹ́ àwòrán nínú rẹ̀ ló yé mi. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ni kò yé mi, nítorí òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, òyìnbó tí mo sì gbọ́ kò kún ṣíbí.

Ni ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òyìnbó sí mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páìpù ló wà. Wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn ní géètì, wọ́n á tì í mọ́ inú àpótí. Aago méjìlá tí wọ́n bá ń jẹun ni wọ́n máa ń kó o fún wọn fúngbà díẹ̀, ó tún di aago mẹ́rin tí iṣẹ́ bá parí. Lójoojúmọ́ ní aago méjìlá yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ á wọlé, òyìnbó gbọọrọ bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo á yí i sókè, mo á yí i sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń yìn mí tàbí ó ń bá mi wí. Kí ni kí n ṣe? Mo á ya ohun tó bá wà níwájú mi, mo á fi ránṣẹ́ sí i. Ó kọ òyìnbó, mo fi àwòrán ìkòkò ọbẹ̀ dá a lóhùn. Ó tún kọ, mo fi àwòrán ẹsẹ̀ mi nínú sálúbàtà tuntun dá a lóhùn. Bí ó bá dé nírọ̀lẹ́, á máa wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan, èmi náà á máa wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ń dín láàárín wa, ọ̀rẹ́ mi. Mo ń rò ó pé ó ti fura, àti pé ọjọ́ tó bá dá a lójú, yóò ní irọ́ ni wọ́n fi fẹ́ ìyàwó fún òun, kí n kó ẹrù mi padà sí Ìwó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Àǹtí Rùkáyàt fi bímọ ní Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin ni, a ti sọ ọ́ lórúkọ, Làtífù ló ń jẹ́. Ìbímọ náà le díẹ̀, wọ́n rán Àǹtí lójú ara, kò lè bẹ̀rẹ̀ láti wẹ ọmọ. Màámi ní àfi kí òun lọ wẹ̀ ẹ́ fúnra òun, pé àwọn nọ́ọ̀sì òde òní kì í na ọmọ lápá, wọ́n kàn ń fi omi nù ún bí àwo ni. Ṣùgbọ́n ilé tuntun ni Àǹtí àti ọkọ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Fàwáz, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí lẹ́yìn ìlú, ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé ibẹ̀ rí. Ọkọ mi ní kí Ẹ̀gbọ́n Fàwáz fi ibẹ̀ ránṣẹ́ sórí máàpù mi. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́rú náà pé, "Màámi, ẹ má mikàn. Ìyàwó mi á mú yín débẹ̀. Kí ni ìwúlò ìwé tó kà?" Kò pẹ́ tó jáde ni àmì pupa náà wọlé, pẹ̀lú òyìnbó ìlà mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀.

A gbéra ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Màámi fúnra wọn gbé báàgì tí òrí, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn tuntun wà, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Èmi gbé èyí tó kù. Nínú ọkọ̀, mo gbé fóònù lé itan, àmì aláwọ̀ aró náà ń sáré lórí ìlà rẹ̀, Màámi sì ń yọjú wò ó. Bí a bá ń dé ibi tí ọ̀nà ti yà, mo á ní, "Màámi, ọ̀tún la máa yà sí," dẹ́rẹ́bà á sì yà sí ọ̀tún lóòótọ́. Màámi pàtẹ́wọ́. Wọ́n sọ fún obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn pé, "Ìyàwó ọmọ mi nìyí o. Ẹ̀yìn ló jókòó sí tó ń wa ọkọ̀." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, dẹ́rẹ́bà ní kí n wá gba ìjókòó òun, kí òun lọ sùn. Ojú tì mí títí, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni Màámi béèrè pé kí ni Fàwáz kọ sábẹ́ àmì náà. Mọ̀nsúrát, ká ní mo sọ òótọ́ níbẹ̀, ó kéré tán ẹni mẹ́fà nínú ọkọ̀ ni ì bá kà á fún wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí tán ni. Mo gbé fóònù sójú bí ẹni tó ń kàwé, mo ní, "Ó ní kí ẹ máa rọra bọ̀, Màámi. Ó ní kò sí ìkánjú." Irọ́ tìrẹ ti wà nílẹ̀, mo bá fi tèmi kún un.

Màámi gbà á gbọ́. Nígbà tí a dé Ìtòìkín, wọ́n ní ṣebí kò sí ìkánjú, kí a sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn kí ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń ṣòwò láyé àtijọ́. Ọ̀rẹ́ yìí rí wọn, ó ń jó. Ó ro ẹ̀bà, ó dín ẹja, ó sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àkọ́bí. Kí a tó tún rí ọkọ̀ wọ̀, oòrùn ti dúró sí àárín orí.

Aago kan ti kọjá kí àmì aláwọ̀ aró tó bá àmì pupa. Mo ní, "Màámi, a ti dé." Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Sọ́míìlì ni ibẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, létí ọ̀sà. Igi dùbúlẹ̀ jọ bí òkè, ìyẹ̀fun igi bo gbogbo ilẹ̀. Kò sí ilé tí èèyàn ń gbé níbẹ̀, ká má tíì sọ ọmọ tuntun. Wọ́n ti ti géètì. Ọlọ́dẹ kan tó sùn sórí pákó ní iná kò sí láti ìjẹta, pé gbogbo wọn ti lọ sílé, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni, òun kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Mo pe fóònù Ẹ̀gbọ́n Fàwáz, ó ti kú. Mo pe ti Àǹtí, ó ti kú. Mo mọ̀ pé inú àpótí ni ti ọkọ mi wà, mo ṣì pè é.

Màámi fìdí lé pákó kan. Wọ́n bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Wọ́n ní, "Rodiat, tún ọ̀rọ̀ Fàwáz yẹn kà fún mi. Kà á bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an."

Mo ṣí i. Mo lè pe àwọn lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ABD náà ṣáà ni, ṣùgbọ́n wọn kò jọ di nǹkan kan lójú mi. Mo gbìyànjú láti tún irọ́ mìíràn pa, Ọlọ́run ló mọ̀, ṣùgbọ́n mo wo ẹsẹ̀ Màámi, irọ́ náà kò wá. Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi yẹn. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè kà á. Mi ò jáde girama. Kíláàsì karùn-ún ni mo dé. Èyí tí mo sọ fún yín nínú ọkọ̀, mo parọ́ ni." Mi ò dárúkọ rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ọrùn ara mi ni mo gbé gbogbo rẹ̀ kọ́.

Ọlọ́dẹ yẹn yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí pákó rẹ̀. Màámi ní, "Dìde, ìyẹ̀fun ń bà ọ́ láṣọ jẹ́. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Mo ní, "Hẹ̀n-ín?"

Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń kàwé, ojú rẹ̀ máa ń rìn. Bí Rùkáyàt bá ń kàwé láti kékeré, mo máa ń wo ojú rẹ̀, á lọ, á bọ̀, bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Tìrẹ máa ń dúró lójú kan ni, bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ọjọ́ tí wọ́n ti gbé fóònù yìí dé ni mo ti mọ̀."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Kí n wá sọ pé kí ni? Èmi náà ti lo ogójì ọdún nílé ọkọ, mi ò mọ A. Ìwé kọ́ ló ń gbé ilé ró. Ṣùgbọ́n èyí tí o pa fún mi nínú ọkọ̀ yẹn, ó dùn mí o, Rodiat. Ẹsẹ̀ mi ló ń jẹ ẹ́ báyìí." Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó tó, kí n lọ bá wọn wá ẹni tí ojú rẹ̀ ń rìn.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe píóẹ̀sì lábẹ́ agbòòrùn ló bá wa kà á. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní, "Ọ̀gá yìí ní ibi iṣẹ́ òun nìyí. Ó ní ilé àwọn kò tíì sí lórí máàpù. Ó ní òun á dúró dè yín níbí títí di aago méjìlá, kí ẹ yára o, nítorí fóònù òun fẹ́ kú." Màámi wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. Kò sí ìkánjú, àbí? Bí a kò bá jẹ ẹ̀bà Ìtòìkín, à bá bá a níbẹ̀.

Màámi ní ó ti tán, kí a máa padà sí Ìkòròdú, pé bóyá Ọlọ́run á fi aláàánú kan ránṣẹ́ kó bá wọn wẹ ọmọ. Wọ́n gbé báàgì òrí náà mọ́ àyà. Ojú wọn ṣe mí láàánú ju ìgbà tí wọ́n ń bá mi wí lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwòrán ọmọ náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n gbé e délé, Ẹ̀gbọ́n Fàwáz yà á lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Fèrèsé wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo rántí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí àwòrán náà, mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Imú ọmọ kọjá, etí ọmọ kọjá, ojú fèrèsé dé. Mo tún fẹ̀ ẹ́. Mo rí àjà táǹkì omi kan. Mo rí orí mọ́ṣáláṣí aláwọ̀ ewé kan lẹ́yìn rẹ̀. Òṣùpá orí mọ́ṣáláṣí náà kò dúró ṣánṣán, ó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí fìlà ọ̀mùtí.

Mo gbé e lọ bá oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo gbé e lọ bá èkejì. Èmi tí n kì í lè pe ọkọ̀ dúró fúnra mi, Mọ̀nsúrát! Ẹni yẹn wo àwòrán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́ṣáláṣí tí ìjì fà ní òṣùpá! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọdún kejì rèé tí wọ́n ń sọ pé àwọn á tún un ṣe. Ìyá, ẹ wọlé." Màámi wọlé, wọn kò tíì gbà gbọ́. Ìgbà tí a yà kúrò ní títì tí àwọn fúnra wọn rí òṣùpá wíwọ́ náà lókè òrùlé, wọ́n gbá mi nítan. Wọ́n ní, "Nítorí náà, o mọ ohun kan kà!"

A bá ilé náà. Ẹ̀gbọ́n Fàwáz ti wá wa dé gáréèjì méjì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Àǹtí Rùkáyàt béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ṣé ẹ ò rí ohun tí Bàbá Ọmọ kọ ni?" Màámi ní, "A rí i. Èmi ni mo ní ká yà ní Ìtòìkín. Ẹ gbé omi gbígbóná wá." Ọ̀rọ̀ pin. Wọ́n na ọmọ, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n sọ ọ́ sókè gbà á, ó ké, ó sì sùn bí ẹni tí kò ní gbèsè ayé. Nígbà tí mo ń da omi nù lẹ́yìnkùlé, Màámi wá bá mi. Wọ́n ní, "Mo ti bò ọ́ lọ́dọ̀ Rùkáyàt. Mi ò ní bò ọ́ lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ọkọ rẹ ni, ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ, kó sì jẹ́ lónìí."

Mi ò lè wo ojú rẹ̀ sọ ọ́, ìwọ náà mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n fóònù náà máa ń gba ohùn sílẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n sá, mo sọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo tún un sọ, mo tún pa á rẹ́. Ìgbà keje ni mo jẹ́ kó lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Rodiat ni. Mi ò jáde girama. Mi ò lè ka ohun tí ẹ ń kọ sí mi, mi ò ka ẹyọ kan rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi àwòrán dá yín lóhùn. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò parọ́ nínú èyí tó kù." Aago mẹ́rin lù. Mo rí i pé ó ti gbọ́ ọ, nítorí àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí àwọ̀ padà. Kò dáhùn. Mo gbé ọmọ, mo gbé e kalẹ̀. Mo gbálẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún yẹn kò gùn tó o.

Ohùn rẹ̀ wá wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹ̀rín, kì í ṣe tirẹ̀, ti Tàófíìkì, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ní kó panu mọ́. Ó wá ní, "Rodiat, Tàófíìkì ló ń kọ gbogbo òyìnbó yẹn. Òyìnbó tèmi, mo lè kà á, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́, á dà bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n sọ fún mi pé o jáde girama. Mo ní wàá fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí o bá fi ọbẹ̀ dá mi lóhùn, Tàófíìkì á ní bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe nìyẹn, wọn kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Èmi sì ń rò pé o kò fẹ́ràn mi ni." Ó ní irọ́ náà dun òun, òun kò ní sọ pé kò dun òun, kí n má tún ṣe é. Ó ní, "Wá sílé lọ́la. Ilé ti dákẹ́ jù." Tàófíìkì tún pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìyàwó wa, ta ni kí n máa wá kọ òyìnbó sí báyìí?"

Mo ti gbọ́ ohùn yẹn tó ìgbà ogún. Mo sunkún débi tí Màámi fi ní kí n má jẹ́ kí omi ojú kán sí ọmọ lórí.

Láti ìgbà yẹn, ohùn la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ní aago méjìlá, Yorùbá pọ́nńbélé. Nírọ̀lẹ́, ó ń ka àwọn òyìnbó àtijọ́ yẹn, ó ń túmọ̀ wọn fún mi. Tàófíìkì kọ ọ́ níbì kan pé eyín mi funfun bí yìnyín. Mo ní ta ló rí yìnyín rí nínú gbogbo wa? Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé gbogbo àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ ló kó pamọ́ sójú kan nínú fóònù rẹ̀, ìkòkò, sálúbàtà, ológbò orí ògiri, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó ní òun máa ń wò wọ́n kí òun tó dá fóònù padà sínú àpótí. Ó ti lọ bá mi béèrè ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ nítòsí wa. Oṣù kìíní ni a máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní "a" nítorí Màámi ní àwọn náà ń bọ̀, pé àwọn kò ní kú láìmọ bí wọ́n ṣe ń kọ Làtífù.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, sinmi. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi ọ́ níbo ni Rodiat kàwé dé, sọ fún un pé kíláàsì karùn-ún, ó sì ń lọ sí ìkẹfà. Má fi kún un.

Bá mi kí Ìyá àti Bàbá, bá mi kí àwọn àbúrò rẹ. Kí Tíṣà Ọláwuyì bí o bá rí wọn, sọ fún wọn pé pàṣán wọn kò ṣòfò, òun ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Àwòrán tó wà nínú àpòòwé náà, ní ìdí àjà táǹkì omi yẹn ni a ti yà á lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ: Màámi ló gbé ọmọ, èmi ni mo dúró lápá òsì, ẹni tó dúró tì mí ni ẹni tí mi ò lè kọ orúkọ rẹ̀. Wo òkè, wàá rí òṣùpá wíwọ́ náà. Mo mọ̀ pé wàá fi ìka méjì gbìyànjú láti fẹ̀ ẹ́. Ìwé ni o, kò ní fẹ̀. Ìgbà tí o bá wá kí wa, mo á fẹ̀ ẹ́ fún ọ, kí o lè rí i pé ojú mi kò wolẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀,

Rodiat.